Ilẹ̀ Tó Ń Yáná: Mo Tọ Ipasẹ̀ Ondol Láti Inú Kòtò Dé Ààfin

Ní Amsa-dong, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Seoul, létí odò Han, èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Inú ilẹ̀ ni ilé náà wà ju òkè lọ: wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n ri òpó yí i ká, wọ́n wá fi koríko bo gbogbo rẹ̀ títí òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Àtúnkọ́ ni o. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló wo ojú kòtò àti ihò òpó tí wọ́n bá nínú ilẹ̀, tí wọ́n fi mọ bí ilé àwọn tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 6000 ọdún sẹ́yìn ṣe rí. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo débẹ̀, nígbà tí òtútù Seoul lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 10 lábẹ́ òdo, tí afẹ́fẹ́ orí odò sì ń ta èèyàn létí. Bí mo ṣe wọlé, iná ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá. Mo rí àyè rẹ̀: òkúta tí wọ́n tò yí ká, ní àárín gbùngbùn ilé.

Omíyalé ńlá ọdún 1925 ló hú ibẹ̀ síta. Odò Han kún, ó gbá etí rẹ̀ lọ, àpáàdì ìkòkò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ohun eléyín fa ìlà sí lára. Àwọn ìkòkò náà ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń lọ wò. Èmi dúró ti ààrò. Ẹ wo iná àárín ilé yìí dáadáa. Ó ń se oúnjẹ, ó ń tan ìmọ́lẹ̀, ó ń mú ilé móoru. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tutù. Ẹni tó bá kọ̀yìn sí i, àyà rẹ̀ ń gbọ̀n. Èéfín ń wá ọ̀nà gba inú koríko òrùlé jáde, ooru sì ń bá a lọ. Bí igi bá jó tán lóru, ilé á ti tutù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ondol, tí wọ́n tún ń pè ní gudeul, ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ olóoru tí àwọn ará Kòríà fi ń ṣẹ́gun òtútù dòní. Ohun tí mo wá wò ni bí iná ṣe ṣí kúrò láàárín ilé, tó lọ fara ti ògiri, tó wọ abẹ́ ilẹ̀, tó sì bọ́ síta yàrá pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sí akọni kan tó jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó dá a sílẹ̀. Mẹ̀kúnnù tí òtútù ń pa ló ń tì í síwájú láti ìran dé ìran, àwọn ọlọ́lá sì wà lára àwọn tó dé kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń rìn láti ibi kan dé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dá mi lójú sí i.

Ibi tí wọ́n ní iná ti kọ́kọ́ ṣí kúrò láyè rẹ̀ kò ṣeé dé láti Seoul. Ẹnubodè ló dí i. Ní Gulpo-ri, ní ìkangun àríwá-ìlà-oòrùn Àríwá Kòríà, níbi tí ilẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan Rọ́ṣíà, wọ́n wú ilé ayé ìgbà tí òkúta ni irinṣẹ́, àwọn kan sì ń tọ́ka sí i pé ibẹ̀ ni ondol ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 5000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Èmi kò tíì gbà. Òkúta tí iná jó kò pọ́n dandan kó jẹ́ ondol. Ohun tó sọ ọ́ di ondol ni pé kí èèyàn darí èéfín, kó mú un gba ọ̀nà jíjìn lábẹ́ ibi tí òun yóò jókòó sí, kó tó jẹ́ kó lọ. Ẹ̀rí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígbà tí irin ti dóde, ní ọ̀rúndún mélòó kan ṣáájú ìbí Jésù. Ní agbègbè Primorye ní Rọ́ṣíà, níbi tí àwọn èèyàn tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Okjeo gbé, àwọn ilé wà tí wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ lóòró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n fi òmíràn dé e lórí, tí èéfín sì ń gba àárín wọn kọjá. Ní Sejuk-ri, lápá ìwọ̀-oòrùn Àríwá Kòríà, ọ̀nà èéfín kan wà tó rìn dé igun ilé, tó sì yà níbẹ̀. Ní erékùṣù Neukdo, létí òkun gúúsù pátápátá, nítòsí Sacheon, wọ́n tún bá irú rẹ̀ nínú ilé tó ti wà láti ọ̀rúndún kejì tàbí ìkíní ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ wo bó ti rìn jìnnà tó, láti etí Rọ́ṣíà dé etí òkun gúúsù, láìsí ọba tó pàṣẹ pé kí ó rìn.

Wọ́n tún wú ilé mìíràn ní Unalaska ní Alaska, tó ti tó nǹkan bí 3000 ọdún, tí ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta ṣe wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn kan gbé e jáde bí ẹni pé àwọn ará Kòríà ló wa ọkọ̀ gba orí òkun lọ síbẹ̀. Èrò tèmi ni pé òtútù kan náà ló kọ́ ẹni méjì ní ẹ̀kọ́ tó jọra.

Mo padà sí àárín ìlú Seoul, mo lọ sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà ní Yongsan. Nínú yàrá ìjọba àtijọ́ Goguryeo, ààrò irin kékeré kan wà níbẹ̀, tí wọ́n gbé jáde láti inú ibojì ní Unsan, ní àríwá. Òkú ni wọ́n ṣe é fún, kí ó lè máa rí nǹkan se jẹ ní ọ̀run. Mo rìn yí àpótí gíláàsì náà ká. Ẹnu iná wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn. Ihò róbótó wà lórí fún ìkòkò. Òpó èéfín dìde ní ìkangun kan, nítorí náà iná tó bá wọlé níwájú kò lè lọ tààrà. Ó gbọ́dọ̀ yà, kó rìn gba abẹ́ ìkòkò kọjá, kó tó rí ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó rọ irin yìí ti mọ̀ pé èéfín ṣeé darí. Nínú ibojì kẹta ní Anak, ibojì Goguryeo mìíràn tó jẹ́ ti ọdún 357, wọ́n ya ilé ìdáná kan sára ògiri: obìnrin dúró ti ààrò, ẹlòmíràn ń kóná, ẹran rọ̀ ní yàrá kejì. Ààrò tó ti fara mọ́ ògiri, tó ti ní ọ̀nà èéfín tirẹ̀, ni wọ́n yà.

Àwọn ará Ṣáínà tó ń kọ ìtàn nípa Goguryeo ṣàkíyèsí nǹkan náà. Nínú Ìwé Àtijọ́ ti Ìjọba Tang, tí wọ́n parí ní 945, wọ́n kọ ọ́ pé òtòṣì pọ̀ láàárín àwọn èèyàn náà, àti pé nígbà òtútù wọ́n máa ń ṣe kòtò gbọọrọ, wọ́n á sì dá iná tí kò jó fòfò sábẹ́ rẹ̀ láti fi yáná. Òtòṣì ni akọ̀wé náà dárúkọ. Kò kọ ọ́ mọ́ ọba, kò kọ ọ́ mọ́ ìjòyè. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo rántí jù nígbà tí mo gun òkè Achasan.

Òkè Achasan kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ti mú ojú ọ̀nà yọ̀. Ní 475, Goguryeo gba olú-ìlú ìjọba Baekje tó wà nísàlẹ̀ létí odò, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì kọ́ àwọn odi kéékèèké sórí òkè wọ̀nyí láti máa ṣọ́ odò. Ní 551, agbègbè náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìjọba ti Seoul wú èyí tí wọ́n ń pè ní odi kẹrin nínú wọn ní 1997 àti 1998, wọ́n bá ilé àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì bá ondol nínú wọn. Ohun tí àlejò ń rí jù lónìí ni ògiri òkúta tí wọ́n tún mọ, àti odò Han tó tẹ́ lọ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wú yé èèyàn dáadáa: òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóòró ní ìlà méjì, amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀, òkúta mìíràn tó dé e, ẹnu iná ní ìkangun kan, òpó èéfín ní ìkangun kejì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ni ó gbà. Ìyókù yàrá, ilẹ̀ tútù ni. Lórí òkè yìí, nínú ìgbà òtútù, ààyè tí èèyàn bá rí sùn sí lè ṣe pàtàkì ju oyè rẹ̀ lọ.

Ní àríwá Ṣáínà, ọ̀nà èéfín yìí gba ibòmíràn lọ: ó ga sókè di bẹ́ẹ̀dì amọ̀ tí wọ́n ń pè ní kang, tí ilẹ̀ yòókù nínú yàrá sì wà bó ṣe wà. Ní Kòríà, ó tẹ́ sílẹ̀, ó sì fẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yé mi tán àfi ìgbà tí mo sùn nínú ilé kan ní abúlé kan ní ẹkùn Gangwon, níbi tí ìyá àgbà onílé ṣì ń dá igi sí gudeul. Ilé ìdáná rẹ̀ rẹlẹ̀ ju yàrá lọ. Èèyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí kò ṣòro: ooru a máa gòkè, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tó fẹ́ rán ooru lọ. Ìkòkò irin ńlá ni wọ́n mọ mọ́ orí ààrò, ìrẹsì àti omi gbígbóná ń ti ibẹ̀ jáde. Èéfín kan kò rú sínú ilé ìdáná náà. Ńṣe ni iná na ahọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Mo tún fẹ́ ju ìtì igi kan sí i, ìyá àgbà gbá ọwọ́ mi.

"Ó tó, ọmọ mi. Kì í ṣe òní nìkan ni a ń dáná fún, àárọ̀ ọ̀la náà ni."

"Ẹ má bínú, ìyá. Ṣé kò ní kú lóru?"

"Iná á kú. Òkúta kò ní kú."

Lẹ́yìn ẹnu iná, ilẹ̀ gòkè díẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà tóóró, kí iná lè fò ó kọjá, kí eérú má sì lè padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀nà èéfín pín sí abẹ́ gbogbo yàrá. Òkúta tó nípọn ni wọ́n tẹ́ sórí ibi tó sún mọ́ iná, èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ́ síbi tó jìnnà, kí ooru lè kárí. Ní ìkangun, kí èéfín tó bọ́ sínú òpó, wọ́n gbẹ́ kòtò kan sílẹ̀ tí eérú àti èérí èéfín ń rọ̀ sí, tí atẹ́gùn tútù tó bá fẹ́ gba inú òpó wọlé kò fi ní dé abẹ́ yàrá. Amọ̀ ni wọ́n fi bo òkúta. Wọ́n lẹ bébà mọ́ amọ̀, wọ́n pa á ní òróró títí ó fi di àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń dán. Tí àlàfo kékeré bá wà nínú amọ̀ náà, èéfín á yọ, ẹni tó sùn lè má jí. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba sùúrù ni.

Nílé wa, ẹ̀yìnkùlé ni a ń gbé ààrò sí kí ooru àti èéfín má bàa dà wá láàmú. Níbí, wọ́n mú àwọn méjèèjì wá sábẹ́ orí ẹní wọn. Iná kan ló se ìrẹsì, òun kan náà ló tẹ́ ibùsùn.

Ìyá àgbà tẹ́ ẹní fún mi sí araenmok, ìyẹn ìhà yàrá tó sún mọ́ iná. Bébà ibẹ̀ ti dúdú díẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ooru. Ibẹ̀ ni ti àgbà, ti àlejò, ti abiyamọ tuntun. Ó sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ òun ṣì wà láyé, tí ó bá pẹ́ lóko, abọ́ ìrẹsì rẹ̀ ni òun máa ń fi aṣọ wé, tí òun á gbé e síbẹ̀ títí yóò fi dé. Ìkangun kejì tutù, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Tí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí ará Kòríà ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kúkurú, tí wọ́n ń ká ibùsùn nílẹ̀ ní àárọ̀, abẹ́ yàrá ni màá ní kí ẹ lọ wò.

Ọgbọ́n yìí tilẹ̀ jáde kúrò nínú ilé. Ní erékùṣù Cheongsando, níbi tí ilẹ̀ ti kún fún òkúta tí omi kì í sì í dúró, àwọn àgbẹ̀ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ oko ìrẹsì bí wọ́n ṣe ń tẹ́ gudeul, wọ́n bò ó ní amọ̀, wọ́n wá fi ilẹ̀ lé e. Ẹ̀ka oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi oko náà sára ohun àjogúnbá àgbẹ̀ ní 2014.

Ká padà sórí ìtàn. Àkókò tí gbogbo ilẹ̀ yàrá di ondol ni ìgbà ìjọba Goryeo, nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí kẹtàlá. Ìgbà yẹn ni iná jáde kúrò nínú yàrá. Tí ọ̀nà èéfín bá ti gba abẹ́ gbogbo ilẹ̀, kò sí àyè fún ẹnu iná nínú ilé mọ́. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ilé ìdáná tàbí síta. Ahoro tẹ́ńpìlì Hoeamsa ní Yangju, ní àríwá Seoul, ni èèyàn ti lè rí bó ṣe gbilẹ̀ tó. Tẹ́ńpìlì ńlá ni ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọba àkọ́kọ́ ní ìjọba Joseon fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u ní 1997. Ilé lé ilé, ẹsẹ̀ ògiri lé ẹsẹ̀ ògiri, ondol ni wọ́n ń bá lábẹ́ yàrá àwọn mọ́ńkì. Àwọn tó ń jókòó wákàtí púpọ̀ lójú kan láti ṣe àṣàrò nílò ilẹ̀ tó móoru ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn ọlọ́lá ńkọ́? Yi Ik, ọ̀mọ̀wé ọ̀rúndún kejìdínlógún, kọ ọ́ pé òun gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, ilé ńlá àwọn ìjòyè pàápàá kì í ní ju yàrá ondol kan tàbí méjì lọ. Arúgbó àti aláìsàn ló ń sùn níbẹ̀. Àwọn yòókù ń sùn lórí pákó, wọ́n á ta aṣọ yí ara wọn ká. Ní bíi ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tí ọmọ ogun Goguryeo ti ń yáná lórí Achasan! Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí òtútù le gan-an, ni ondol wá gba ilé gbogbo èèyàn. Ó ná wọn ní ohun ńlá: igbó. Àwọn òkè tó yí Seoul ká pá nítorí igi ìdáná.

Ààfin Gyeongbokgung ni mo parí ìrìn mi sí. Ọ̀pọ̀ àlejò ń gbójú sókè wo òrùlé. Mo bẹ àwọn tó bá ń lọ pé kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ilé tí ọba ń sùn, ihò kéékèèké onígun mẹ́rin wà lára ìpìlẹ̀ òkúta. Ẹnu iná ni. Èédú ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀, kí èéfín má bàa pọ̀. Lẹ́yìn ilé ayaba, nínú ọgbà Amisan, òpó èéfín mẹ́rin onígun mẹ́fà dúró láàárín òdòdó. Abẹ́ ilẹ̀ ni èéfín gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn Jagyeongjeon, tí wọ́n tún kọ́ ní 1888, ọ̀nà èéfín mẹ́wàá láti oríṣiríṣi yàrá para pọ̀ sínú ohun kan tó jọ ògiri lásán, tí wọ́n fi bíríkì yàwòrán igi páìnì, àgbọ̀nrín, ìjàpá, ẹyẹ àkọ̀ àti oòrùn sí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Iṣẹ́ tó rẹwà jù lọ tí mo rí nínú ààfin náà ni, ohun tó sì wà fún ni pé kí èéfín rí ọ̀nà lọ.

Jaseondang, ilé àrólé ọba nínú ààfin yìí kan náà, kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jàpáàn ń jọba lé Kòríà lórí, oníṣòwò Okura Kihachiro tú u, ó kó o lọ sí Tokyo. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 dáná sun ún. Òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà wálé ní àárín àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n iná ti ba wọ́n jẹ́ kọjá ohun tí wọ́n lè fi gbé ilé ró. Nílé Okura yìí kan náà ni ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà, Frank Lloyd Wright, ti jókòó nínú yàrá Kòríà kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kò sì rí ibi tí ooru ti ń bọ̀. Ó kọ nípa rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1937 ó tẹ́ páìpù omi gbígbóná sábẹ́ ilẹ̀ ilé Jacobs ní Madison.

Páìpù bẹ́ẹ̀ náà ló wà lábẹ́ àwọn fúláàtì Seoul lónìí. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi èédú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ róbótó, yeontan, rọ́pò igi. Igbó sinmi, ṣùgbọ́n gáàsì carbon monoxide ń yọ láti inú àlàfo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì sùn tí wọn kò jí. Omi gbígbóná ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe 2018, ìjọba Gúúsù Kòríà kéde àṣà ondol gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n bá kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń dárúkọ ọ̀gá iṣẹ́ kan tàbí ẹgbẹ́ kan tí ó ni ín. Fún ondol, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ará ìlú ló ni ín.